Ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá

Ẹ béèrè bóyá ó tọ́ kí ẹ máa ti Èkó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá láti wá ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n, nítorí ẹ gbọ́ pé ìgbà náà ni àwọn tó ń wo ẹyẹ ní Yúróòpù máa ń rí àjèjì ẹyẹ jù. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tí ẹ gbọ́ yẹn kọ́ ni.

Lọ́dọ̀ tiwọn, nígbà ìwọ́wé, afẹ́fẹ́ líle a máa gbá ẹyẹ tó ṣìnà wá sí etíkun, àwọn ènìyàn a sì sáré lọ wò ó kó tó fò lọ. Àwọn ẹyẹ tó sá fún òtútù ibẹ̀ tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa kò ṣìnà rárá, nítorí ibí gan-an ni wọ́n ń bọ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ti ń sọdá aṣálẹ̀ Sàhárà, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í padà títí di oṣù Kẹta tàbí Kẹrin. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, tí kò wúwo ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ, wà lára wọn. Àwọn tó máa ń sùn pọ̀ sínú eèsún ní Ebbaken, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, lé ní mílíọ̀nù kan. Bí ẹ bá dúró létí dáàmù Ọ̀pá nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kùtùkùtù, ẹ óò rí ẹyẹ kékeré etí omi tó ń ju ìdí sókè sódò bó ti ń rìn, àlejò láti òkèèrè sì ni òun náà. Wọ́n dùn ún wò, ṣùgbọ́n wọn kò ṣọ̀wọ́n.

Ọmọ ilé ló ṣọ̀wọ́n. Malimbus ibadanensis, ìbátan ẹ̀gà tí gbogbo wa mọ̀, kò sí níbòmíràn lágbàáyé ju ilẹ̀ Yorùbá lọ, láàárín Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìperu àti Ìlarò. Ọdún 1958 ni onímọ̀ ẹyẹ kan, Elgood, kọ̀wé nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, sì ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun, nítorí igbó tó ń gbé ti di oko àti ilé. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ràn oṣù Kọkànlá: òjò ti ń dáwọ́ dúró, ọ̀nà inú igbó ti ń gbẹ, ọyẹ́ kò sì tíì fi eruku bo ojú ọ̀run tó bẹ́ẹ̀ tí àwọ̀ ẹyẹ kò fi ní hàn.

Ẹ má ṣe lé e kiri. Òkè igi ló máa ń wà, ó sì sábà máa ń bá ọ̀wọ́ oríṣiríṣi ẹyẹ rìn, nítorí náà ẹni tó bá wá ibi kan létí igbó, tó dúró jẹ́ẹ́ títí ọ̀wọ́ náà fi kọjá lórí rẹ̀, ni yóò rí nǹkan. Awò olójú méjì 8x42, èyí tó ń fa nǹkan mọ́ra ní ìlọ́po mẹ́jọ, tó. Èyí tó ń fa nǹkan mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ a máa gbọ̀n lọ́wọ́ nígbà tí a bá gbójú sókè pẹ́. Bí ẹ bá rí ẹyẹ dúdú olórí pupa, ẹ má tíì yọ̀. Ìbátan rẹ̀ kan wà, Malimbus rubricollis, tí kò ṣọ̀wọ́n tó o, tí àyà rẹ̀ dúdú. Akọ ti Ìbàdàn ni pupa rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé àyà. Àyà ni kí ẹ wò, kí ẹ sì yà á ní fọ́tò.

Ní ti àwọn ènìyàn, ẹ kí olóko kí ẹ tó wọ oko kòkó rẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá fún àwọn tó ń ṣọ́ ọgbà kí wọ́n tó bi yín, ẹ má sì wọ aṣọ tó jọ ti ológun, bó ti wù kó bá igbó mu tó. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń yàn ju Sátidé lọ, nítorí gbohùngbohùn òde ìnáwó kì í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ẹyẹ.

Bó bá jẹ́ ẹyẹ kan ṣoṣo yẹn lẹ ń wá, igbó inú ọgbà IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ kọ̀wé ṣáájú kí wọ́n lè gbà yín wọlé. Ẹ wá sí Ifẹ̀ lẹ́yìn tí ojú yín bá ti mọ̀ ọ́n.