Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà: òwe àgbà àti ooru òkè Júpítà

Ìbéèrè: Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Aké, ní Abẹ́òkúta, ní olùkọ́ àwọn sọ pé òkè òfuurufú pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì fi òwe tì í: "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Bàbá rẹ̀ ní òwe ìjà ẹbí nìyẹn, kò bá ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run mu. Ta ló tọ̀nà?

Àbúrò mi, olùkọ́ yín tọ̀nà. Bàbá rẹ náà mọ ibi tí wọ́n ti ń pa òwe náà jù.

Ẹni tó ka nǹkan dé ẹ̀fà, èje ló ń retí. Òwe yìí ní ohun tó kù nílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò lè fẹ́ ya ara wọn láṣọ nítorí ewúrẹ́ tó jẹ láfún tí wọ́n sá sórí àpáta. Àwọn ọ̀dọ́ á ní kí wọ́n san owó láfún, kí ìjà parí. Àgbà kan á mi orí, á pa òwe yìí, á wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pín ilẹ̀ bàbá wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn kan ti sọ ọ́ di òwe ìfura. Mọ́tò ẹnìkan á bàjẹ́, wọ́n á pa òwe náà, wọ́n á sì máa wo ìyá àgbà tó jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà kì í lò ó bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ má tíì dá ẹjọ́, ẹ tún wádìí sí i.

Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ Júpítà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń dé ibẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 25 èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa. Bí a bá fi oòrùn nìkan ṣírò, òkè òfuurufú rẹ̀ yẹ kó tutù tó nǹkan bí 70 dígírì Celsius sí ìsàlẹ̀ òdo. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ tí ọkọ̀ òfuurufú Galileo jù sílẹ̀ wọ ibẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1995, ooru tó bá lókè ju 600 dígírì lọ. Pílánẹ́ẹ̀tì Sátọ̀ọ̀nù náà gbóná kọjá ìṣirò.

Ẹ̀rọ yẹn kan náà rí àmì ìgbì nínú afẹ́fẹ́. Bí ìjì bá ti afẹ́fẹ́ sókè, tó sì wúwo ju èyí tó yí i ká lọ, á já wálẹ̀, á kọjá ibi tó ti gbéra, á tún padà sókè. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìgbì ń gòkè lọ. Afẹ́fẹ́ òkè sì fẹ́lẹ́, nítorí náà mímì náà ń le sí i, bí kòbókò tí ọwọ́ rọra jù nídìí tí ẹnu rẹ̀ wá ń dún gbàù. Nígbà tó bá yá, ìgbì náà á fọ́, agbára rẹ̀ á di ooru.

Ní 2016, àwọn onímọ̀ tó ń wo Júpítà láti Hawaii kéde pé ibi tó ga tó 800 kìlómítà lókè Àmì Pupa Ńlá, ìjì tó fẹ̀ ju ayé wa lọ, gbóná ju 1,300 dígírì lọ. Wọ́n fura pé ìgbì tó ń ti inú ìjì náà jáde ló ń gbé ooru débẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Ní 2021, àwòrán ooru tí wọ́n fi Keck, awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run, yà fi hàn pé ooru tún ń ṣàn wá sí agbedeméjì àríwá àti gúúsù Júpítà láti ibi tí aurora, ìmọ́lẹ̀ tó máa ń tàn lójú òfuurufú, ti ń tàn ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ọjọ́ kan Júpítà kò pé wákàtí 10, ó sì yẹ kí yíyí kíákíá yẹn sé ooru mọ́ ìhà méjèèjì. Ní ti Sátọ̀ọ̀nù, tí ọkọ̀ Cassini wò títí di 2017, àlàyé tó jáde ní 2020 ni pé ìgbì ló ń fa afẹ́fẹ́ tó ń yí po sẹ́yìn, tí ooru fi ń ráyè kọjá. Àwọn ìṣirò kan tilẹ̀ fi hàn pé ìgbì lè mú kí ibòmíràn tutù.

Bí o bá fẹ́ fi èyí dá bàbá rẹ lóhùn, má kàn là á mọ́lẹ̀ níwájú wọn. Kọ́kọ́ sọ pé, "Tótó, ó ṣe bí òwe o." Wọ́n á ní, "Wàá rí òmíràn pa."