Ẹ Má Tíì Fọwọ́ Kan Ẹ́ńjìnì Land Rover Bàbá Yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Bàbá wa tó ti dolóògbé fi Land Rover Series III kan sílẹ̀ fún wa, èyí tó gùn, oní-109, aláwọ̀ ewé, bẹntiróòlù ló ń lò. Òun la fi ń kó kòkó jáde láti oko wa lọ́nà J4, àdúgbò igbó gẹdú. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ bíréèkì, ọ̀tún ló ń fà sí. Ọ́ìlì ń kán lẹ́yìn táyà iwájú lápá òsì. Jíà kejì náà a sì máa já fúnra rẹ̀ tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò mi ní ká yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ ká fi ti Toyota sí i, ká gbé e ga, ká fi táyà tó fẹ̀ sí i, torí ó fẹ́ gbé e lọ Ojúde Ọba. Màmá wa ní ká tà á fún àwọn tó ń ra irin. Èmi fẹ́ fọwọ́ ara mi tún un ṣe nílé. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
Ọmọ Ògbèrè, Ìjẹ̀bú

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí Màmá dáadáa, kí ẹ sì bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tà á. Àwọn tó ń ra irin, orí ìwọ̀n ni wọ́n máa gbé e sí, wọn ò ní wo iṣẹ́ tó ti ṣe àti èyí tó ṣì lè ṣe. Páànù ara ọkọ̀ yín kì í tilẹ̀ ṣe irin. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Land Rover jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1948, Ogun Àgbáyé Kejì ò tíì parí pẹ́, irin wọ́n wọn gan-an, ni wọ́n bá fi alumíníọ̀mù ṣe ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òjò fi ń pa á láti ayé Bàbá tí kò jẹ. Ìbàdàn níbí náà ni ilé-iṣẹ́ Leyland ti to irú rẹ̀ nígbà kan rí, ọkọ̀ tó mọ ilẹ̀ wa ni.

Ohun tó ń pa á ni ṣáásì, egungun abẹ́ tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n jó pọ̀ di àpótí gígùn, inú rẹ̀ ṣófo. Ẹrẹ̀ pupa yẹn á gba ihò wọlé, á jókòó sínú, á sì máa mu omi pamọ́ títí kan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú ló ti ń jẹ bọ̀ wá síta, nítorí náà ojú lásán ò lè rí i. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kankan, ẹ fọ abẹ́ ọkọ̀ náà mọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá mú òòlù kékeré wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ máa kàn án díẹ̀díẹ̀, láti ibi tí sìpíríǹgì iwájú so mọ́, dé àwọn apá tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó gbé ara ọkọ̀ dúró, títí dé irin ìdábùú ẹ̀yìn tí ẹ máa ń so okùn mọ́. Irin tó le á dáhùn ní kàn-án kàn-án. Èyí tó ti jẹrà á dáhùn ní pò, pò, bí ìgbà téèyàn ń lu páálí. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ pò, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí ẹ sì fi ẹnu sukudiráfà tẹ̀ ẹ́. Tó bá wọlé, ẹ ti rí iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ yẹn, wẹ́dà ni kó ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á fẹ́ lẹ páànù lé orí ibi tó ti jẹrà. Ẹ má gbà. Kó gé e títí yóò fi kan irin tó mọ́, kó tó jó tuntun mọ́ ọn. Tánkì epo irú ọkọ̀ yẹn sábà máa ń wà lábẹ́ ìjókòó iwájú. Ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá, ẹ gbé e jìnnà, ẹ tú wáyà bátìrì àti ti ọtanétọ̀, kí iná wẹ́dà kankan tó tàn. Mi ò fi èyí ṣeré.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wíwọ abẹ́ ọkọ̀. Ilẹ̀ àgbàlá wa rọ̀, jáàkì á rì, nítorí náà ẹ fi pákó nípọn sábẹ́ rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ti gòkè, ẹ fi ìtì igi líle gbé e dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé láàárín àwọn agégẹdú, kò yẹ kí èyí wọ́n yín, ẹ lọ tọrọ gígékù nílé ìlagi. Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù oníṣìmẹ́ńtì láéláé. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ṣàgámù, ọmọ iṣẹ́ tó bá na ẹsẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, ilé ló ń lọ lọ́jọ́ yẹn.

Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ kan náà ni bíréèkì tó ń fà àti ọ́ìlì tó ń kán. Apá ọ̀tún ń di táyà mú, apá òsì ń yọ̀, ni ọkọ̀ fi ń yà sí ọ̀tún. Ẹ ṣí dúrọ́ọ̀mù apá òsì. Tí láínìn, ìyẹn ohun tó ń di dúrọ́ọ̀mù mú, bá ti rin, ẹ fi ìka kan án kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Jíà ọ́ìlì ní òórùn imí ọjọ́ tó le, ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé. Bíréèkì ọ́ìlì kò ní òórùn yẹn, ọ̀dà ló máa ń bó. Tó bá jẹ́ jíà ọ́ìlì, síìlì inú họ́ọ̀bù, òrùka rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró, ló ti kú. Tó bá jẹ́ bíréèkì ọ́ìlì, sílíńdà bíréèkì ni. Ti iwájú oní-109, méjì méjì ló wà ní táyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì, kí ẹ ṣe ti ọ̀tún pẹ̀lú. Láínìn tó ti mu ọ́ìlì, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á fi epo fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ dá a padà, ẹ má dá a lóhùn: tó bá gbóná, ọ́ìlì tó ti wọ inú rẹ̀ á tún sun jáde. Ẹ ra tuntun fún ọ̀tún àti òsì.

Ẹ wá wo ẹ̀yìn táyà náà. Ẹ óò rí irin rògódó dídán tí táyà ń yí lé lórí nígbà tí ẹ bá ń yí ọwọ́ ọkọ̀. Ẹ nù ún kó mọ́, kí ẹ fi èékánná fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí èékánná bá ń kọ́ àwọn ihò wẹẹrẹ, ìpẹtà ti jẹ ẹ́, síìlì tuntun tí ẹ bá sì fi sí i, ó máa gé e ni. Ẹ máa ra irin rògódó náà pọ̀ mọ́ ọn. Tó bá ń yọ̀ lábẹ́ èékánná, síìlì nìkan tó. Jíà ọ́ìlì EP90 ló ń lọ sínú rẹ̀.

Tí ẹ bá ń lọ ra bíárìn àti síìlì ní ọjà Ladipo l'Ékòó, ẹ mú ti àtijọ́ dání. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ẹ fi bẹntiróòlù nù ún, ẹ óò rí i. Ẹni tó ń ta bíárìn lè má rí Land Rover rí, á mọ nọ́ńbà.

Ní ti jíà kejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré ta gíábọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ fún yín. Bóòtù ni wọ́n fi de páànù ilẹ̀ ọkọ̀ yẹn. Ẹ tú u, gíábọ́ọ̀sì á hàn síta lójú yín látinú ọkọ̀. Àwọn sìpíríǹgì kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń ti gólí lé ọ̀pá jíà kó má baà yẹ̀. Ó máa ń rẹ̀ wọ́n. Ẹ pààrọ̀ wọn, ẹ wo rọ́bà tí gíábọ́ọ̀sì jókòó lé. Tó bá ṣì ń já lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ṣí i.

Ẹ ò sọ èyí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín: ṣé ọ̀pá olórí yẹ́lò yẹn, tó ń mú kí táyà iwájú àti tẹ̀yìn jọ máa fa ọkọ̀, máa ń wà ní títẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti bọ́ sí títì ọ̀dà? Tó bá wà nísàlẹ̀, táyà iwájú àti tẹ̀yìn ń fa ara wọn pọ̀ ni. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, wàhálà á tán. Lórí ọ̀dà kò sí ibi tó máa yọ̀ sí, gbogbo agbára yẹn á wọ inú jíà àti ṣáàfù. Ẹ dúró, ẹ fa ọ̀pá olórí pupa tó wà nítòsí rẹ̀ wá sẹ́yìn tán, ẹ tún tì í síwájú, yẹ́lò á sọ gòkè.

Àbúrò wa, ìwọ ló kù. Gíga tí ò ń wá, ọkọ̀ yẹn ti ní i rí. Sìpíríǹgì rẹ̀ ló ti tẹ̀ lábẹ́ ẹrù kòkó. Ẹ tú u sílẹ̀ ewé kan tẹ̀lé èkejì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, ẹ fi gíríìsì pa á, ẹ pààrọ̀ rọ́bà etí rẹ̀, kí ẹ sì gbé èyí tó ti nà jù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rọ sìpíríǹgì. Tẹ́ ẹ bá gbé e kọjá ìyẹn, pùròpẹ́là á dagun, ọ́ọ̀sì bíréèkì á nà, ọkọ̀ á sì fẹ́ dà ṣubú nínú àwọn kòtò tí ọkọ̀ gẹdú ń gbẹ́ sójú ọ̀nà. Táyà 7.50-16 tó wà níbẹ̀ náà ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹrẹ̀ wa ń yọ̀ lókè, ilẹ̀ líle wà nísàlẹ̀. Táyà tóóró á gé e wọlé lọ bá ilẹ̀ líle, èyí tó fẹ̀ á máa léfòó lókè.

Ẹ́ńjìnì Toyota lágbára, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gíábọ́ọ̀sì tó ń já jíà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì 2.25 lẹ fẹ́ gbé agbára náà lé, bíréèkì tó ń fà sápá kan lẹ sì fẹ́ fi dá a dúró. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì kò sì ní bá ìwé ọkọ̀ mu mọ́. Tí ṣáásì bá ti le, tí bíréèkì ń dúró gbọingbọin, tó ṣì wù ọ́, kọ̀wé sí mi nígbà náà, màá bá ọ wá ọ̀nà sí i. Fún Ojúde Ọba, ẹ kùn ún ní àwọ̀ ewé tí Bàbá yín mọ̀ ọ́n sí. Àwọn èèyàn á wò ó.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní Toyota 4Runner 1998, ẹ́ńjìnì V6 oní-3.4. Mẹkáníìkì mi ní ká má fọwọ́ kan bẹ́líìtì tímìn, èyí tó ń jẹ́ kí fáàfù ẹ́ńjìnì máa ṣí lásìkò, àfi tó bá já. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
Ìpẹru, Rẹ́mọ

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ohun tó fún un láyà ni pé ẹ́ńjìnì yẹn, tí bẹ́líìtì bá já, fáàfù kì í lu písítìn débi tí ẹ́ńjìnì á fi bàjẹ́. Àmọ́ ọkọ̀ á kú síbi tó bá wà, títì Ṣàgámù sí Benin lóru kì í sì í ṣe ibi téèyàn ń fẹ́ kí ọkọ̀ kú sí. Máìlì 90,000 ni Toyota fún un, bíi kìlómítà 145,000, nọ́ńbà tó sì wà lójú aago tòkunbọ̀ kò ṣeé fọkàn tẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ báyìí. Bẹ́líìtì náà ló ń yí wọ́tà pọ́ǹpù, nítorí náà ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, pẹ̀lú àwọn bíárìn tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́ náà àti nọ́ńbà aago sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó bá ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ yín lè rí i kà.