Ibòji olówó pọ́ọ́kú fún ẹṣin kékeré

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. A ra ẹṣin Shetland kan fún ọmọ wa níbí ní England, pápá ló sì ń gbé tọ̀sán-tòru. Owó wa kò tó kọ́ ilé ẹṣin. Kí la lè ṣe kí ìgbà òtútù tó dé?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn. Ẹ má jẹ́ kí òtútù nìkan dẹ́rù bà yín, nítorí irú ẹṣin yìí, tí gíga rẹ̀ kì í ju ínǹṣì 42 lọ, wá láti erékùṣù Scotland tí afẹ́fẹ́ ti ń jà gan-an, irun rẹ̀ sì máa ń ki nígbà òtútù. Ohun tó ń ni ín lára ni kí òjò àti afẹ́fẹ́ jọ máa lù ú. Ògiri mẹ́ta tí a fi pákó àlòkù kàn, pẹ̀lú òrùlé páànù tó dà sẹ́yìn, ti tó. Ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú àti 10 lóòró yóò gbà á dáadáa. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń gbà wá lọ́dọ̀ yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ògiri ẹ̀yìn kọjú síbẹ̀, kí ẹ sì yan ibi tí omi kì í dúró sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ fọwọ́ yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí ẹṣin tó wọlé, kí etí páànù tàbí ìṣó má baà ya á lára. Ẹ kọ́kọ́ bi onílẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ bóyá ẹ nílò ìwé àṣẹ.