Kòtò àgbàrá: láti òkè ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Okun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní àgbàrá ti jẹ ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ yín dé ìdí ògiri, àti pé pàǹtí tí àdúgbò ń dà sínú kòtò náà lọ́dọọdún kò dí i. Kò lè dí i láé. Omi á gba abẹ́ pàǹtí kọjá, á sì máa wa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn dúró.

Lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, ẹ lọ síbi tí kòtò ti bẹ̀rẹ̀ lókè. Ẹ ó rí i tí omi ń já bọ́ létí rẹ̀ bíi kí wọ́n dojú korobá dé, tó ń họ abẹ́ ilẹ̀ títí òkè á fi ya lulẹ̀. Bí kòtò ṣe ń rìn lọ sídìí ilé nìyẹn. Nítorí náà, omi tó ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá lẹ́kun. Láwọn ìlú wa tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, láti Kàbbà dé Ìsánlú, orí àpáta, orí páànù àti ọ̀nà tí kò ní gọ́tà ló ti ń wá. Igbó tí wọ́n bá dáná sun nígbà ọyẹ́ tún ń dá kún un, torí òjò àkọ́rọ̀ á bá ilẹ̀ níhòòhò.

Láti mọ ìlà tí ilẹ̀ ti dọ́gba lókè kòtò, kẹ́ ẹ lè gbin koríko tó máa dá omi dúró síbẹ̀, ẹ wá igi méjì tó gùn ní mítà 2, ẹ so orí wọn pọ̀, kí ẹsẹ̀ wọn ya, ẹ de igi kẹta dábùú wọn lágbedeméjì. Ẹ so okùn mọ́ orí, kí òkúta rọ̀ sídìí rẹ̀. Ẹ sàmì síbi tí okùn ti kan igi ìdábùú, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sí ojú ẹsẹ̀ òsì, àti ti òsì sí ojú ti ọ̀tún, ẹ tún sàmì. Bí okùn bá ti bọ́ sí àárín àmì méjèèjì, ẹsẹ̀ igi dọ́gba nìyẹn. Ẹ kan èèkàn sídìí ẹsẹ̀ méjèèjì, kẹ́ ẹ máa gbé igi náà lọ. Orí ìlà èèkàn yẹn ni kẹ́ ẹ gbin koríko vetiver, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ jìn, sí nígbà tí òjò bá ti múlẹ̀, ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà. Ẹ gé ewé rẹ̀ ku sẹ̀ǹtímítà 20, kí gbòǹgbò ku 10. Àlàfo àárín wọn, 10 sí 15, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ibi tó bá ṣí sílẹ̀ ni omi á fi ṣe ẹnu ọ̀nà. Èyí tó bá kú, ẹ tètè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ bá àwọn darandaran sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Ti inú kòtò, ọ̀wẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Òkúta ni kẹ́ ẹ fi to ìdènà dábùú kòtò, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, kí ìkọ̀ọ̀kan má ga ju mítà 1 lọ. Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ìsàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọlé ní 50. Àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, kí omi lè gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ ló ń tò ó gbọọrọ bí ògiri. Omi á yà gba ẹ̀gbẹ́, kòtò á di méjì. Ẹ tẹ́ òkúta síbi tí omi á máa já sí, kó má baà họ ìdí rẹ̀. Orí ìdènà tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, kó bá ẹsẹ̀ ti òkè dọ́gba. Àpò ìrẹsì tí wọ́n rọ yanrìn kún kì í pẹ́: oòrùn á jẹ ẹ́ láàárín oṣù díẹ̀, àfi kẹ́ ẹ fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Bí kòtò bá ti jìn ju ènìyàn lọ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ya, ẹ má rán ọ̀dọ́ kankan wọ inú rẹ̀; iṣẹ́ ìjọba nìyẹn.

Èyí tó le jù ni ti àwọn tó ń wa yanrìn lódò nísàlẹ̀. Bí odò bá ti ń jìn sí i, kòtò á máa jẹ òkè lọ títí á fi bá a dọ́gba, gbogbo òkúta yín á ṣubú. Kí baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè pe àwọn onítípà jókòó, kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé òkúta àkọ́kọ́.