Mo tà á tán ló wá gbówó lérí

Ìyá Aláṣọ, láti Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́, kọ̀wé pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta làwọn ti ta ṣíà (ìpín ìdókòwò) Nvidia, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kí èrè má baà bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ló gbówó lérí lẹ́yìn wọn, tí wọ́n sì rà á padà lọ́wọ̀n-ín. Oorun ti dá lójú wọn, bàbá ọmọ ò sì mọ̀ pé owó ọjà wà níbẹ̀. "Ṣé kí n jáwọ́ ni?"

Ẹ má tíì jáwọ́, ìyá, àmọ́ ẹ yọ owó ọjà kúrò. Owó tí ẹlòmíì máa béèrè lọ́jọ́ báyìí ló ń tì yín tà nígbà tí kò yẹ.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ẹ ra ṣíà 10 ní $100, ẹ tà á ní $112: $1,120 wọlé. Ó di $125, ara ò gbà á mọ́, ẹ sáré padà. Ṣíà 8.96 péré ni owó yẹn máa rà. Èrè $120 tẹ́ ẹ yọ̀ sí ti gbé ṣíà kan ó lé díẹ̀ lọ. Bí alágbàtà tó ń bá yín rà á, tó ń bá yín tà á, bá tún ń gba dọ́là kan lórí ọgọ́rùn-ún nígbà títà àti nígbà rírà, àfi kó já wálẹ̀ kọjá $109.78 kí títà yẹn tó lérè. Ibẹ̀ lẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yọ̀.

Ẹ ò jẹ́ kó gbogbo àǹkárá ìsọ̀ tà torí pé oníbàárà kan náwó dáadáa. Nínú 10, ẹ ta 3. Kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tẹ́ ẹ ń kọ gbèsè sí: iye tẹ́ ẹ tà á, iye tẹ́ ẹ máa fi rà á padà, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi limit order, ìyẹn àṣẹ pé kí wọ́n má rà á kọjá iye tẹ́ ẹ sọ, sílẹ̀ ní iye ìràpadà yẹn. Market order, ìyẹn àṣẹ pé kí wọ́n rà á lójú ẹsẹ̀, lè rà á ní iyekíye. Bó bá gòkè dípò kó wálẹ̀, 7 tó kù ń bá a gòkè. Bọ́jọ́ bá pé tí kò dé ibẹ̀, ẹ fagi lé e, ẹ má lé e.

Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán wa ni ọjà ṣíà Amẹ́ríkà ń ṣí, mẹ́ta ààbọ̀ nígbà òtútù tiwọn, àsìkò tí oníbàárà wà níwájú yín gan-an. Iye tẹ́ ẹ ti fi sílẹ̀ yẹn ni kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ máa wo fóònù. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ máa ń ṣe ségesège, ẹ má dá sí i.

Stop-loss, ìyẹn àṣẹ pé kí wọ́n tà á bó bá já dé iye kan, kì í ṣe odi o. Ní 27 oṣù Kìíní 2025, Nvidia já ní nǹkan bí 17% lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì ti ṣí nísàlẹ̀ gan-an sí ibi tó parí sí lọ́jọ́ Ẹtì. Iye tó bá nílẹ̀ ni wọ́n ń tà á, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ kọ. Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ tí Nvidia bá fẹ́ gbé ìṣirò èrè oṣù mẹ́ta-mẹ́ta rẹ̀ jáde.

Ní ti bàbá ọmọ, ẹ mú ìwé yẹn lọ́wọ́, kẹ́ ẹ fi iye tó jáde àti iye tó ti padà hàn án, kó tó di pé ẹni tó ń kó aṣọ fún yín láwìn ló máa sọ fún un.