Kí wọ́n tó yọ orúnkún màmá, ẹ mọ ẹni tó máa tọ́jú èyí tí wọ́n bá yọ

Àbúrò mi tó gba lẹ́tà pé ilé iṣẹ́ ń kó irú ike tó wà nínú orúnkún àtọwọ́dá màmá rẹ padà, tí dókítà ní àfàìmọ̀ kí àwọn má yọ ọ́, tó o wá ń béèrè bóyá ẹ lè pẹjọ́: ẹ kú ìnira. Houston ní Amẹ́ríkà níbí lojú tèmi náà ti rí i.

2014 ni wọ́n pààrọ̀ orúnkún mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi rìn geere, mo jó níbi ìgbéyàwó ọmọ mi. Nígbà tó yá, tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á dún kẹ́kẹ́, á sì fẹ́ yẹ̀ lábẹ́ mi. Dókítà ní ara àgbà ni. Ọdún kan gbáko ni mo fi gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, tí mò ń fi òrí pa á. Dókítà kejì ló fa omi inú rẹ̀, tó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, bóyá kòkòrò ló wọ̀ ọ́. Kì í ṣe kòkòrò. Ike àárín irin méjèèjì ló ń jẹ, èérún rẹ̀ sì ti ń ba egungun tó di irin mú jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò yẹn fún màmá. Kì í ṣe gbogbo èyí tí wọ́n kó padà ni wọ́n ń yọ.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí. Bí ojú mi ṣe là lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kejì tí wọ́n fi yọ ọ́, mo bi nọ́ọ̀sì pé, "Èyí tí ẹ yọ dà?" Ó ní wọ́n ti kó o dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí tíátà. Mo sunkún. Lọ́yà tí mo lọ bá kò fi pamọ́ fún mi: láìsí ike yẹn, ilé iṣẹ́ tó ṣe é á ní sísanra mi ló bà á jẹ́. Nítorí náà, kí màmá fọwọ́ sí lẹ́tà sí ọsibítù ṣáájú, pé òun ló ni ohun tí wọ́n bá yọ, kí wọ́n má dà á nù, kí wọ́n má sì gbé e fún aṣojú ilé iṣẹ́. Wọ́n máa ń wà nínú tíátà o! Lọ́yà ni kó gbà á, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ẹ béèrè fáìlì iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ náà. Sítíkà kéékèèké ti orúnkún tí wọ́n fi sí màmá wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà ara rẹ̀ lẹ máa fi wé ti inú lẹ́tà.

Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ní Texas, ọdún méjì ni òfin fún ẹni tó fara pa láti pẹjọ́. New York, ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á gan-an, ìjà ni. Ilé iṣẹ́ náà sì lè má dúró dè yín. Ẹ wo Exactech ní Florida (tèmi kọ́ o): 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ike orúnkún wọn padà, torí pé àpò tí wọ́n fi dì í kò dí afẹ́fẹ́ tó bó ṣe yẹ. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 2024, wọ́n ti sá sábẹ́ òfin àwọn tó wọ gbèsè, ẹjọ́ tí wọ́n pè wọ́n sì dúró.

Tí lọ́yà bá ní òun ò ní gba kọ́bọ̀ báyìí, ẹ bi í ní iye tó máa yọ lẹ́yìn, àti iye tí Medicare (ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbàlagbà) máa gbà padà nínú rẹ̀, kí màmá tó fọwọ́ síwèé.

Ọjọ́ wo ni wọ́n dá fún iṣẹ́ abẹ? Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí, lẹ́tà sí ọsibítù yẹn ni kó o kọ lálẹ́ òní.