Ṣé eyín ló ń mú ara ọmọ mi gbóná tí kíréèṣì fi ń lé e wálé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ma. Tanke ní Ìlọrin ni mò ń gbé, àdúgbò Taiwo ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mi ti pé oṣù mẹ́sàn-án, eyín ló ń hù lọ́wọ́. Tí ara ẹ̀ bá ti gbóná báyìí, kíréèṣì á pè mí pé kí n wá gbé e, wọ́n á tún ní kò gbọdọ̀ padà wá àfi tí ibà bá ti lọ fún odidi ọjọ́ kan láìlo oògùn. Mo fi oògùn eyín sínú báàgì ẹ̀, wọn ò fún un, wọ́n dá a padà fún mi. Mo sì ti san owó táàmù pé o. Ṣé wọn ò rẹ́ mi jẹ báyìí? Ibo ni mo lè gbé e lọ tí wọn ò ní máa dààmú mi?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kíréèṣì yẹn ò rẹ́ yín jẹ. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Ọ̀rọ̀ owó táàmù, ẹ wo ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí nígbà tẹ́ ẹ forúkọ ọmọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ bá oníléèwé sọ ọ́, nọ́ọ̀sì lèmi.

Eyín kì í fa ibà. Mo mọ̀ pé ìyá yín sọ bẹ́ẹ̀, ìyá ọkọ yín náà á sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo àdúgbò ló ń sọ ọ́. Tí eyín bá ń jáde, ọmọ á máa da itọ́, á máa gé ohun tó bá rí jẹ, èrìgì ẹ̀ á wú, ó lè máa sunkún lóru, ara ẹ̀ lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó parí síbẹ̀. Tí tẹmómítà bá ti lé sí 38, ibà nìyẹn, nǹkan mìíràn ló fà á. Ìgbẹ́ gbuuru náà, kì í ṣe eyín ló ń fà á.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi máa ń bọ́ sí àsìkò kan náà? Tí ọmọ bá ti ń tó oṣù mẹ́fà, ààbò tó gbà lára ìyá ẹ̀ látinú oyún á ti máa tán lọ, tiẹ̀ ò sì tíì lágbára. Ìgbà yẹn náà ló ń jókòó, tó ń rákò, tó ń ki gbogbo ohun tó bá rí nílẹ̀ bọ ẹnu, ìgbà yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní kókó àti omi, tí abọ́ tàbí ọwọ́ ò bá wá mọ́ ńkọ́? Ìgbà yẹn náà ni eyín àkọ́kọ́ ń yọ. Kòkòrò ló wọlé, eyín la di ẹ̀bi rù. Àti pé Ìlọrin la wà o, ẹ̀fọn wà. Wọ́n á máa fún ọmọ tí ibà ẹ̀fọn ń bá jà ní oògùn eyín fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, ìgbà tí gìrì bá gbé e tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá ti gbẹ ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gbé e wá, bẹ́ẹ̀ tẹ́ẹ̀sì ibà ẹ̀fọn ò gbà ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ó ń dùn mí, ó sì ń bí mi nínú.

Oògùn eyín fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ní 2008, ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà níbí, májèlé tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol ló wà nínú ẹ̀, kíndìnrín àwọn ọmọ daṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ tó lé ní 80 ló bá a lọ, NAFDAC sì ti ilé iṣẹ́ náà pa. Mi ò sọ pé irú ẹ̀ ló wà nínú báàgì yín. Àmọ́ ẹ ka ara páálí ẹ̀: púpọ̀ nínú wọn, parasitámọ́ọ̀ àti oògùn tó ń mú oorun wá ló wà nínú ẹ̀.

Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ ní kíréèṣì nìyí. Ìyá á fún ọmọ ní parasitámọ́ọ̀ ní aago méje àárọ̀, ara á tutù, á gbé e sílẹ̀ á ní ara ẹ̀ ti yá, á sáré wọ kẹ̀kẹ́. Agbára oògùn yẹn ò ju wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lọ. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ọmọ á ti lẹ̀ mọ́ èjìká àǹtí, ojú ẹ̀ á pọ́n, kò ní jẹun, ara á tún máa jó. Tí àǹtí ò bá mọ̀ pé ó ti lo oògùn, tó tún wá fún un ní oògùn eyín tí parasitámọ́ọ̀ wà nínú ẹ̀, tó ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ ọmọ ni wọ́n ń bà jẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ní "láìlo oògùn" nìyẹn, òun náà ni wọ́n fi dá tiyín padà.

Kíréèṣì tẹ́ ẹ ń wá, tí wọn ò ní máa dààmú yín yẹn, òun gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ sá fún. Ibi tí wọn kì í ti í pe ìyá, tí gbogbo ọmọ ń sùn fọnfọn nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fún wọn mu. Àwọn kan ń fi Piriton tàbí Phenergan mú ọmọ sùn. Wọn kì í fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì ní Phenergan, ó lè dá èémí dúró. Ẹ yà síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọn ò retí yín, ẹ wò ó bóyá ẹ̀yìn ni wọ́n fi àwọn ọmọ ọwọ́ sùn lé, bóyá wọ́n ń fọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ pámpáàsì, ta ni wọ́n lè gbé ọmọ fún tẹ́ ò bá ráyè wá. Ó sì yẹ kí wọ́n béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, oṣù kẹsàn-án tí ọmọ yín wà yìí ni ti èéyi àti ibà pọ́njú, ṣé ẹ ti gbà á?

Mi ò rí ọmọ yín, wọn kì í yẹ ọmọ wò lórí fóònù, torí náà ẹ má fi tèmi ṣe ìtọ́jú. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, bó ṣe pírámárí hẹ́lùù tó sún mọ́ yín, bó ṣe ọsibítù àwọn ọmọdé ní Centre Igboro. Tí kò bá mu ọyàn, tó ń bì ṣáá, tí àwùjẹ̀ ẹ̀ wọlé, tàbí tí gìrì gbé e, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ má sì ki ṣíbí tàbí nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó bá wá padà sí kíréèṣì, oògùn yòówù tó bá lò nílé, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ àti aago tẹ́ ẹ fún un sínú ìwé, kẹ́ ẹ fi lé àǹtí lọ́wọ́.